Orí Kẹrin: Ìlẹ̀kẹ̀ Àyà Lọ́rùn Àgbò

"Bàbá Bùráímọ̀, ọkàn yín ń sáré. Ẹ mú ọwọ́ kúrò lórí ìdarí. Ẹ jókòó."

Ohùn ọkọ̀ nìyẹn. Ohùn ìyá àgbà kan ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Ìyá náà ti kú tipẹ́, àmọ́ bó bá ní kéèyàn jókòó, èèyàn á jókòó ni. Èmi ò jókòó lọ́jọ́ náà o. Kí ni mo fẹ́ jókòó fún? Ara mi le koko. Mo dúró, mo ń jẹ obì mi, atẹ́gùn ọ̀sà ń fẹ́ sí mi lára. Ọkàn tó ń sáré yẹn, kì í ṣe tèmi. Ti Alága ni.

Alága ni àgbò mi. Funfun ni, ó ní irun lọ́rùn títí dé àyà bí ẹni wọ aṣọ òtútù, bó bá sì ti wo èèyàn báyìí, wàá rò pé ó fẹ́ bi ẹ́ níbi tóo ti ń bọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ lójú omi. Báwọn èrò bá bi mí pé kí ló dé tí mò ń gbé àgbò kiri, mo máa ń ní atẹ́gùn ni dókítà ẹran ní kó máa gbà. Irọ́ ni. Ẹ má bínú, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, àgbò Iléyá ló kún inú ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo Alága, ó ké. Èébú wo ló bú u, mi ò mọ̀ ọ́n. Alága dìde fùú! Ó fi orí gbá irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, gbàà! Ó padà sẹ́yìn, ó tún gbá a, gbàà! Ìdarí gan mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì oòrùn dákẹ́, ìdákọ̀ró já bọ́ sínú omi fúnra rẹ̀, gbùmù. A dúró gbagidi lórí Ejinrin àtijọ́ tí omi ti bò mọ́lẹ̀, níbi tẹ́ẹ ti lè rí ṣónṣó orí páànù àwọn ilé nísàlẹ̀ bí omi bá mọ́.

Èrò méjìlélógún ló wà nínú ọkọ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Bàbá Sàbítíù," Alhaja Wúrà ló sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin tó máa ń bá mi lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́ láti lọ rán aṣọ, tó máa ń fi orúkọ ọmọ mi pè mí, "ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kú síbí o. Mi ò mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́!"

"Ta ló fẹ́ kú? Ìwọ lo fẹ́ kú."

"Ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀!"

"Ọkọ̀ ń ṣe àṣejù."

"Bàbá Bùráímọ̀," ọkọ̀ tún ní, "ọkàn yín ti lu ìgbà ọgọ́jọ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ẹ dùbúlẹ̀."

"Ọgọ́jọ!" Alhaja pariwo. "Ọgọ́jọ, ó sì tún ń họ obì jẹ!"

Mo gbé obì mì láìrún un. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di wàhálà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Gbogbo àwa tá à ń wa ọkọ̀ èrò lójú ọ̀sà la ní ìlẹ̀kẹ̀ àyà. Kò ju hóró àgbàdo lọ. Ọrùn la máa ń so ó mọ́, á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù, á máa sọ fún ọkọ̀. Bó bá tan iná àwọ̀ ewé, ó dáa. Bí ọkàn bá fò lẹ́ẹ̀mẹta láàárín Ejinrin sí Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ á gba ìdarí lọ́wọ́ ẹ, ó di ilé fún ogójì ọjọ́, kí wọ́n tó wá wò bóyá wọ́n á dá a padà. Wọ́n gba ti Ṣówándé ọ̀rẹ́ mi lọ́dún tó kọjá, wọn ò dá a padà. Ẹ lọ wò ó létí omi lónìí, á jókòó, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì á máa yí sọ́tùn-ún sósì, bí ẹni ìdarí wà níwájú ẹ̀. Mi ò lè máa wò ó pẹ́.

Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀. Màá kàn jókòó jẹ́ẹ́ lálẹ́, ọkàn mi á fò, á dúró díẹ̀, á wá lù kìì! bí ẹni ta ìlẹ̀kùn nípàá. Ẹ̀rù bà mí. Ìyàwó mi Ráfátù ní kí n lọ sọ fún wọn nílé ìwòsàn. Mo ní ṣé kí èmi náà lọ máa yí ọwọ́ sófìfo létí omi ni? Lọ́jọ́ kan, mo kàn fi ìlẹ̀kẹ̀ náà sọ́rùn Alága ní eré, iná àwọ̀ ewé tàn! Ọkàn àgbò tó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ àti ọkàn èèyàn, ìlẹ̀kẹ̀ ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo rò pé mo ti gbọ́n ju ìjọba lọ. Ohun tí mi ò rò ni pé àgbò náà máa ń bínú.

A ò tíì dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọkọ̀ ìwòsàn fi yọ. Funfun báláú, kì í kan omi, ńṣe ló ń fò lókè omi díẹ̀ bíi lékeléke. Èèyàn méjì ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀kan ni Tìámíyù, awakọ̀ tí wọ́n máa ń gbé wá rọ́pò ẹni tó bá ṣàìsàn, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ìkejì ni nọ́ọ̀sì.

Mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ nọ́ọ̀sì yìí. Fẹ̀yìntọ́lá lorúkọ ẹ̀, ó lè tó ọmọ ogójì ọdún, ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè, kò ga. Kó tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ mi, ó bọ́ bàtà. Ẹ gbọ́ o. Wọ́n sọ fún un pé ẹnì kan ń kú lọ, ó sì sáré wá lóòótọ́, síbẹ̀ ó bọ́ bàtà kó má baà dọ̀tí bá ilé onílé. Ó ní, "Ẹ kú ojú omi o," ó wò mí láti òkè délẹ̀. Kò wo ẹ̀rọ ọwọ́ ẹ̀ rárá. Ọrùn mi ló wò, kò rí ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀, iwájú orí mi ló wò, ó wo ẹnu mi tó pupa nítorí obì. Ló bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ ti Alága tó ṣì ń mí gúlegúle, ó ti ọwọ́ bọ irun ọrùn ẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ àyà mi bọ́ sí i lọ́wọ́, iná pupa ń ṣẹ́jú lára ẹ̀.

Gbogbo èrò nàgà wò ó.

Alhaja Wúrà ló kọ́kọ́ lanu. "Ó já bọ́ ni! Ìlẹ̀kẹ̀ Bàbá já bọ́, àgbò fi irun gbé e. Ojú mi ló ṣe!"

Obìnrin yìí ò rí nǹkan kan o. Ìfẹ́ ló fi parọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sì wò mí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Ó já bọ́."

Ó ní òun gbọ́, kí n jẹ́ ká jọ wọ ọkọ̀ ìwòsàn kóun tún un so. Ó so ó mọ́ mi lọ́rùn fúnra ẹ̀. Iná àwọ̀ ewé. Ohùn ìyá yẹn sọ láti inú ọkọ̀ mi pé, "Ọkàn dára. Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Bùráímọ̀." Ìdákọ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Ọ̀ràn tán! Mo ti dìde, mo ti ń sọ pé ó dàbọ̀, kí Ọlọ́run san án fún ẹ, ọmọ mi.

"Ẹ tún jókòó díẹ̀, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀rọ ti sọ tiẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ tiyín."

"Èmi ò ní nǹkan kan láti sọ."

Alhaja gbọ́ látinú ọkọ̀ kejì. "Bàbá Sàbítíù ò ní nǹkan kan láti sọ? Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ déètì sí i!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yẹjú lára mi. Ó fa pákó pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ àga, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò ní fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ fi ìka lù ú fún mi. Bí ọkàn yín ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ẹ lù ú."

Báwo ló ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà mí? Mi ò sọ fún un.

Mo wo ìka mi. Mo lu pákó náà: kí, kí, kí... mo dúró... kìì! Kí, kí, kí.

"Lẹ́yìn kí ni ó máa ń wá?"

"Lálẹ́, bí mo bá jókòó. Àti bí mi ò bá sùn dáadáa. Àti lẹ́yìn obì."

"Obì mélòó lẹ máa ń jẹ lójúmọ́?"

"Díẹ̀ ni."

"Bàbá."

"Gbànja mẹ́rin kí oòrùn tó yọ. Mi ò ka ti ọ̀sán."

Ó bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ló bá fi ìka tiẹ̀ náà lu pákó, ó lu ohun tí mo lù gẹ́lẹ́: kí, kí, ó dúró, kìì! "Tèmi nìyẹn," ó ní, "bí mo bá gba iṣẹ́ ọjọ́ méjì pọ̀ tí mo mu kọfí líle. Ọkàn ló kánjú lu ẹyọ kan kí àkókò ẹ̀ tó tó, ó sinmi díẹ̀, ìkejì wá lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìkejì yẹn lẹ ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i, tí kì í pa wọ́n lára. Ẹ dín obì kù, ẹ máa sùn, ẹ máa mu omi lójú oòrùn. A ṣì máa wò ó fínnífínní, a ò ní fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ̀rọ ń ka ìfò mẹ́ta, kò mọ̀ pé ìfò yàtọ̀ síra. Mo ti kọ̀wé sáwọn tó ṣòfin lẹ́ẹ̀mejì. Màá tún kọ ọ́."

Ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lára mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé nǹkan yìí pamọ́! Mo ń ka ara mi sí òkú, mo ń fi ojú kan sùn, ó wá jẹ́ pé obì ni. Ara mi fúyẹ́. Bí ara mi bá sì fúyẹ́, ẹnu mi kì í dúró, Ráfátù á sọ fún yín.

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun o! Á jẹ́ pé irú kejì tó ń ṣe mí náà, èyí tó máa ń sáré bí òjò orí páànù yẹn, obì náà ni. Èmi ti ń rò pé ọjọ́ ogbó ni. Ojú tó ṣú mi l'Ọ́jọ́rú yẹn náà, obì ni! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi..."

Mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ti dúró.

"Ojú ṣú yín l'Ọ́jọ́rú?"

"Díẹ̀ ni."

"Ẹ lu ìyẹn fún mi, Bàbá."

Mo lù ú. Ìka mi ń sáré lórí pákó, kíkíkí-kí-kíkí-kí, kò ní ètò, kò ní ìlà, ó sáré, ó kọsẹ̀, ó tún sáré. Bí mo ṣe ń lù ú, èmi fúnra mi gbọ́ pé kò jọ ti àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò pariwo mọ́ mi náà. Ó rọra ń béèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tú okùn tó lọ́.

"Ó máa ń pẹ́ tó?"

"Bíi láti èbúté wa dé ibi òpó tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ l'Ejinrin."

"Àyà máa ń dùn yín?"

"Rárá. Ó kàn máa ń fún pọ̀ díẹ̀."

"Èémí ńkọ́?"

"Á kúrú. Màá mí gúlegúle bí ẹni gun òkè."

"Ẹnì kan nínú ilé yín ti ṣubú kú lójijì rí, tí kò ṣàìsàn?"

Ẹ̀gbọ́n mi Sùnmọ́nù. Ó jókòó ó ń tún àwọ̀n ṣe, ó ṣubú sórí ẹ̀, ó tán. Kò tíì tó àádọ́ta ọdún. A sọ pé obìnrin kan ládùúgbò ló lọ́wọ́ sí ikú ẹ̀, títí obìnrin náà fi kó kúrò nílùú. Mo sọ ọ́ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ojú obìnrin yẹn ni mo ń rí, bó ṣe di ẹrù ẹ̀.

"L'Ọ́jọ́rú ńkọ́, ẹ dákú?"

"Mo ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, kò sí èrò. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìgbà tí mo máa lajú, mo ti wà nílẹ̀ ọkọ̀, Alága ń lá mi lójú. Ọkọ̀ ti kọjá òpó tó yẹ kí n yà, ó kù díẹ̀ kó gun orí páànù."

Ó gbé kálámù sílẹ̀. Ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi, ó wá wo ojú mi.

"Bàbá, bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí bá wà lọ́rùn yín lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ á dúró, á sì pè mí. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ọ́jọ́rú látàárọ̀ dalẹ́. Ẹnì kankan ò pè mí."

Kò ní mo parọ́, kò ní òun máa fà mí lé ìjọba lọ́wọ́. Ó kàn dúró dè mí.

Mo yíjú sí ọkọ̀ mi. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń wa ojú omi yìí, kí omi tó gun orí títì Ejinrin pàápàá. Mo rí i tí wọ́n ń fún Alága ní búrẹ́dì. Alhaja Wúrà jókòó sí àyè ẹ̀ níwájú, ó gbé àpò aṣọ lé ẹsẹ̀, ó ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n yára, oníbàárà ń dúró. Obìnrin tó parọ́ fún mi, tí kò mọ̀ọ́ lúwẹ̀ẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi ń jókòó síbẹ̀, ọkàn àgbò ló sì gbé ẹ̀mí lé.

"Kò já bọ́," mo ní. "Èmi ni mo so ó mọ́ àgbò lọ́rùn. Oṣù mẹ́ta."

Ó mí sílẹ̀. Ó gbé kálámù, ó kọ ọ́, ó yí ìwé sí mi kí n wò ó. Èmi ò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ mo rí ìlà tó fi ìka tọ́ka sí, ó kà á fún mi: *Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.*

"Ṣé wọ́n á gba ìdarí títí ayé?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Mi ò ní tàn yín. Wọ́n lè dá a padà lẹ́yìn ìtọ́jú, wọ́n sì lè má dá a padà. Èmi á bá yín sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń fò tó ń dúró yẹn, ẹ lè fi ẹsẹ̀ yín rìn wá sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Èyí tó ń sáré tí kò dúró, tí ojú ń ṣú sí i, tí àyà ń fún, tí èémí ń kúrú, a kì í dúró dè é kó di ọ̀la. Lójú ẹsẹ̀ ni. Ká ní ẹ ti pè mí l'Ọ́jọ́rú, mi ò ní bú yín. Ńṣe ni ǹ bá sáré wá."

Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bọ́ bàtà kó tó wọlé onílé, á sáré wá.

Mo tú kọ́kọ́rọ́ ìdarí lọ́rùn ọwọ́ mi. Tìámíyù na ọwọ́, mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wọ inú ọkọ̀ mi, ó dúró sí àyè mi. Mi ò lè ṣe kí n má pariwo tẹ̀ lé e: "Bóo bá dé òpó kejì, yà sọ́tùn-ún! Orí mọ́sáláṣí àtijọ́ wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀, Bàbá," ó ní. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Bàbá Sàbítíù, kí lẹ tún fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún?" Alhaja ló ń bi mí.

"Mò ń lọ ilé ìwòsàn. Bá mi sọ fún Ráfátù. Sọ fún un pé mo ti sọ ọ́."

Ẹnu ẹ̀ là. Ó dìde nínú ọkọ̀, òun tó máa ń di àga mú bí ìgbì kékeré bá dé. Àwọn tó kù náà dìde. Wọ́n kàn dúró títí ọkọ̀ wa fi gbéra.

Nọ́ọ̀sì ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí mi láyà, ó tutù, ìlà aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú gíláàsì lókè orí mi, ó ń lọ geerege. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Òjò orí páànù. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gbọ́ ọ, tí màá di eyín, tí màá wojú omi, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Mo di eyín lọ́jọ́ náà pàápàá, ó ti mọ́ mi lára.

Mo wá lanu. "Nọ́ọ̀sì. Ó ti dé o."

"Mo rí i, Bàbá." Ó ti kúnlẹ̀ tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ojú ẹ̀ wà lókè níbi tí ìlà búlúù ti ń fò sókè sódò bí ẹja inú àwọ̀n. "Ẹ jẹ́ kó wá. Ẹ̀rọ ti ń yà á, àwọn dókítà á rí ojú ẹ̀ lónìí. Ẹ lù ú fún mi, kí n mọ̀ pé ẹ ṣì ń gbọ́ mi."

Mo na ìka mi sí igi ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú bó ṣe ń lọ láyà mi, kíkí-kí-kíkíkí. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìka kejì lára igi náà. Òun náà ń bá mi lù ú, kò fi mí sílẹ̀, bó ṣe ń kọsẹ̀ ló ń bá a kọsẹ̀, títí a fi dé èbúté.